Ọmọ iṣẹ́ mi jẹ mí lówó, èmi náà jẹ ìyá ẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á, torí ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Mo fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ mí àti ibi témi náà ti ṣẹ èèyàn, torí tá a bá ń jẹ́rìí ìdáríjì nínú ìjọ, ibi tó ti dùn la máa ń mú sọ, àárín ẹ̀ tó korò a máa ń fò ó, ẹni tó bá wá wà láàárín yẹn lọ́wọ́lọ́wọ́ á máa rò pé òun nìkan ni Ọlọ́run kọ̀ sílẹ̀.

Káfíńtà ni mí, Kúgbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà níbí l'Ábùjá, níbi táwa tá à ń ṣe àga àti bẹ́ẹ̀dì pọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó wá láti Nyanya lọ sí AYA. Mararaba ni mò ń gbé. Abúlé kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí mi, ẹ sì mọ̀ pé kò síbi táwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ò sí l'Ókè Ọya, àwọn bàbá wa tó ń ṣòwò kiri ni wọ́n gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú lọ́hùn-ún. Inú Baptist ni wọ́n bí mi sí, inú ẹ̀ náà ni mo wà títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọdún 2014 ni ìyá kan lábúlé wa fa ọmọ ẹ̀ ọkùnrin lé mi lọ́wọ́ pé kí n kọ́ ọ níṣẹ́. Opó ni ìyá náà. Ọmọ ọ̀hún kọ́ṣẹ́ ọdún márùn-ún, ó ṣe fírídọ́ọ̀mù ní 2019, èmi gan-an ni mo ra ayùn àti ìfági àkọ́kọ́ tó ní fún un, àmọ́ kò lọ, ó ní òun á ṣì máa bá mi ṣiṣẹ́, mo wá ń sanwó fún un bí òṣìṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá làwọn ọmọ mi ń pè é. Mi ò kà á sí ọmọ iṣẹ́ mọ́, ká sòótọ́.

Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ pààrọ̀ owó. Báǹkì àpapọ̀ ti kéde ẹ̀ lóṣù kẹwàá 2022, nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2023 kéèṣì ti di wúrà, èèyàn á tò sídìí ATM láti ìdájí á sì padà sílé lọ́wọ́ òfo, gbogbo ayé wá já lé tiránsífà lórí, ápù báǹkì ò sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Àsìkò yẹn gan-an ni kọ́sítọ́mà kan ní Gwarinpa gbé iṣẹ́ ńlá fún wa, kábínẹ́ẹ̀tì ìdáná, wọ́dírọ́ọ̀bù mẹ́ta àti tábìlì ìjẹun. Àdéhùn ni pé á san 1,850,000 náírà ṣáájú. Àkáǹtì tèmi ò gbà, ó gbìyànjú ẹ̀ títí, ni mo bá ní kó fi sí ti ọmọ yẹn torí pé tiẹ̀ ń wọlé dáadáa. Ọjọ́rú ni. Ọmọ náà na fóònù ẹ̀ sí mi, mo rí àlẹ́ẹ̀tì, mo ní kó di àárọ̀ ká jọ lọ ra pákó.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí mo débẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ òkúta tá a máa ń tọ́jú ẹ̀ sí. Mo ṣílẹ̀kùn. Ó ti gbá ilẹ̀. Gbogbo eruku igi ló ti kó dà sínú àpò, ó to àwọn ayùn sára ògiri bí mo ṣe kọ́ ọ láti kékeré, èyí tó tóbi lápá òsì, èyí tó kéré lápá ọ̀tún. Mo ní ọmọ yìí mà tètè dé o. Mo pe nọ́ńbà ẹ̀, kò lọ. Títí dòní, tí mo bá rántí pé ó dúró gbálẹ̀ kó tó kó owó mi lọ, nǹkan kan ṣì máa ń mú mi láyà.

Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ owó yẹn gùn. Kọ́sítọ́mà ò gba àlàyé, owó ẹ̀ ló fẹ́, kò sì jẹ̀bi. Mo ta jẹnẹrétọ̀ mi àti máṣíìnì tá a fi ń fá pákó, 950,000. Ìyàwó mi kó àjọ tó ti dá jọ sílẹ̀, 400,000. Mo yá 500,000 ní kọ̀pùrétífù ìjọ. Ó pé. Nígbà tí wọ́n wá yọ ẹ̀dínwó orí epo lóṣù karùn-ún ọdún yẹn, tí náírà tún já wálẹ̀, owó tí mo fi ta máṣíìnì yẹn ò lè ra ìdajì ẹ̀ mọ́. Odidi ọdún kan ni mo fi ń gbé pákó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì lọ fá, tí mò ń sanwó.

Ibi tí mi ò sọ fẹ́nikẹ́ni nìyí. Lóṣù kẹrin ọdún 2023 náà mo pe ẹnì kan tí mo mọ̀ nílé, mo fi 30,000 ránṣẹ́ sí i, mo ní kó bá mi fi ọlọ́pàá mú ìyá ọmọ náà, pé tí wọ́n bá ti mú un ọmọ ẹ̀ á jáde. Wọ́n mú un lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ìyá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí mọ́jú, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n tó ní kó máa lọ. Ọmọ ò jáde. Wọ́n pè mí pé ìyá ò mọ ibi tọ́mọ ẹ̀ wà, mo ní irọ́ ló ń pa. Ìgbà tó pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ ni lọ́yà kan nínú ìjọ wa ń kọ́ wa ní nǹkan lórí òfin, ló bá sọ pé òfin ẹjọ́ ọ̀daràn ọdún 2015, abala 7, ò fàyè gbà á kí wọ́n mú ẹnì kan dípò ẹlòmíì, ìyá ò ṣeé mú dípò ọmọ. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ àga. Àmọ́ mo gbé e pa mọ́ra.

Àkókò yẹn gan-an ni mo ń gbàdúrà jù láyé mi o. Ààwẹ̀ lórí ààwẹ̀, gbogbo ẹ̀ ò ju kí Ọlọ́run fi ọmọ yẹn hàn. Oorun dá lójú mi. Láti Mararaba, nínú gò-sílò Nyanya, màá máa bá ọmọ yẹn jà lọ́kàn, màá bi í ní ìbéèrè, màá fèsì fún un, màá tún dá a lóhùn, ètè mi á máa mì, àwọn tá a jọ wà nínú ọkọ̀ á máa wò mí. Wákàtí kan àbọ̀ ìjà láràárọ̀, kí n tó mú irin lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń jẹ Oúnjẹ Olúwa ní ìjọ wa. Àwọn díákónì á gbé tíréè wá, á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ kọjá lórí bẹ́ǹṣì. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, mo nawọ́, àwọn kọ́ọ̀pù kéékèèké yẹn ń mì tìtì nínú tíréè, mo rí i pé ọwọ́ mi ló ń mì wọ́n. Mo gbé e fún ẹni tó kàn. Oṣù mẹ́tàlá ni mo fi ń gbé tíréè yẹn fún ẹni tó kàn. Ìyàwó mi ń wò mí, kò sọ nǹkan kan.

Màmá kan wà tó ń kọ́ kíláàsì wa ní Sunday School, tíṣà ni wọ́n ní Kàdúná tẹ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ọkọ wọn jóná nínú rògbòdìyàn ọdún 2000, nígbà tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ pàdánù ẹ̀mí àti dúkìá ní ìlú yẹn, ọkọ náà ò sì pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn ni wọ́n ṣàkíyèsí mi. Wọ́n dá mi dúró lẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ kan níbẹ̀rẹ̀ 2024, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ka Àdúrà Olúwa fún mi." Mo ń kà á lọ, mo dé "dárí gbèsè wa jì wá", wọ́n ní, "Dúró ńbẹ̀. Ta ló jẹ ọ́?" Mo bú sẹ́kún. Èmi àgbàlagbà.

Mo sọ ti owó fún wọn. Mo rò pé wọ́n á ní owó ò tó nǹkan, kí n gbé e fún Ọlọ́run, bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń sọ. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣí Mátíù orí 18, ìtàn ìránṣẹ́ tó jẹ ọba ní ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì, tí ọba fi jì í, tó wá jáde lọ fún ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́rùn nítorí ọgọ́rùn-ún owó idẹ. Wọ́n ní, "Ohun tó ń ṣì wá lọ́nà ni 'owó idẹ' yẹn, a máa ń rò pé kọ́bọ̀ ni. Owó idẹ kan ni owó iṣẹ́ ọjọ́ kan nígbà náà, wò ó ní orí 20, òun náà ni wọ́n san fáwọn tó ṣiṣẹ́ lọ́gbà àjàrà. Eélòó lò ń san fún lébìrà lóòjọ́?" Mo ní 5,000. Wọ́n ní, "Owó tí wọ́n jẹ ìránṣẹ́ yẹn jẹ́ 500,000 nìyẹn. Kì í ṣe owó kékeré. Jésù ò sọ pé kékeré ni." Wọ́n wá ní tálẹ́ńtì kan tó owó iṣẹ́ bí 6,000 ọjọ́, kí n lọ fi 10,000 sọ ọ́ di púpọ̀. Mo mú fóònù, 60,000,000 ọjọ́. Tí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́ 300 ọjọ́ lọ́dún, 200,000 ọdún. Mo wá ṣe tèmi náà, mo fi 5,000 pín 1,850,000, ó jẹ́ 370 ọjọ́. Ó ju ti inú Bíbélì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé.

Ẹ gbọ́ o, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti kọ́kọ́ tú lára mi, torí ẹnì kan gbà pé owó mi pọ̀, pé ohun tí wọ́n ṣe fún mi dùn mí, kò sì ní kí n máa ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Mo gbà pé ó yẹ ká máa kọ́kọ́ ka gbèsè yẹn pé ká tó ní ká fi jì. Ẹni tí ò mọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́, kí ló fẹ́ fi jini?

Mo bi wọ́n pé àwọn ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe dárí ji àwọn tó sun ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi ò mọ ojú ẹni tó ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa wá bẹ̀ mí láéláé. Tí mo bá ní kí n dúró dìgbà tí wọ́n bá bẹ̀ mí, màá bá a wọnú ilẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ń ṣe é, ọmọ mi, bí ẹní ń fọ ẹnu." Wọ́n dìde, wọ́n ń mú báàgì wọn, wọ́n wá bi mí, wọ́n kàn bi mí lásán ni, "Ìyá ọmọ yẹn ńkọ́, ara ẹ̀ le?"

Mi ò lè dáhùn. Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi ohun tí mo ṣe fún ìyá yẹn. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ fi owó àjọ mi san gbèsè, ẹ tún ní 30,000 tẹ́ ẹ fi mú ìyá àgbà?" Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju gbogbo ìwàásù lọ. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń gbé tíréè kọjá, mo rò pé torí ọmọ yẹn ni ọwọ́ mi ṣe ń gbọ̀n.

Ọjọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2024, mo wà lábúlé. Mo ti gba Lọ́kọ́ja, Kàbbà, Omù-Àrán, Ìlọrin wálé lọ́jọ́ Sátidé, mo sùn ọjọ́ méjì nílé wa kí ẹsẹ̀ mi tó lè gbé mi débẹ̀. Ìgbà kajú ni. Ìyá náà jókòó síwájú ilé pẹ̀lú òkìtì kajú, ó ń yí kóró ẹ̀ kúrò lórí èso, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, gbogbo orí ìka ẹ̀ ti dúdú, ti ń bó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní ìyá, èmi ni mo ní kí wọ́n wá mú yín lọ́dún tó kọjá, mo fowó rán wọn, ẹ ò ṣẹ̀ mí, ẹ forí jì mí. Mo ti ṣètò àlàyé jọ láti Lọ́kọ́ja o, nípa gbèsè, nípa máṣíìnì, mi ò sọ ọ̀kan nínú ẹ̀.

Kò dáwọ́ dúró. Mo ń gbọ́ ìró kóró tó ń bọ́ sínú abọ́, kó, kó, kó. Ó pẹ́. Ó wá ní, "Ẹ dìde, ilẹ̀ léruku." Mo jókòó sórí òkúta. Ó ní òun mọ̀ pé èmi ni, láti òru ọjọ́ náà lòun ti mọ̀, ó ní ohun tó dun òun jù ni pé ọmọ òun jalè lóòótọ́, òun ò rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo ti dárí jì yín tipẹ́, Ọlọ́run rí mi. Àmọ́ mi ò tíì lè gbọ́ ohùn yín lórí fóònù. Ìgbà tí wọ́n fi fóònù sétí mi lọ́jọ́ yẹn, tẹ́ ẹ ní mò ń purọ́, ohùn yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ẹ má pè mí. Tẹ́ ẹ bá wálé, ẹ yà."

Mo bi ara mi nínú ọkọ̀ nígbà tí mò ń padà bọ̀ pé ṣé ìdáríjì nìyẹn. Mo rò ó títí, mo gbà pé òun ni. Àwọn kan máa ń sọ pé tó o bá dárí jì, gbàgbé. Ẹ wo Jósẹ́fù, ó pe àkọ́bí ẹ̀ ní Mánásè, pé Ọlọ́run ti mú òun gbàgbé ilé bàbá òun, àmọ́ nígbà táwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yọ lọ́dọ̀ ẹ̀ torí ìyàn, ó rántí gbogbo ẹ̀, ó dán wọn wò dáadáa, ó sì sunkún débi pé àwọn ará Íjíbítì gbọ́. Ó dárí jì wọ́n pẹ̀lú ìrántí ẹ̀ lódindi.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni Oúnjẹ Olúwa. Tíréè dé ọ̀dọ̀ mi. Mo mú búrẹ́dì, mo mú kọ́ọ̀pù, mo jẹ, mo mu. Mi ò rí ìmọ́lẹ̀, ara mi ò gbóná. Ìyàwó mi kàn fi èjìká ẹ̀ kan tèmi.

Oṣù kẹfà ni ọmọ náà pè. Ìyá ẹ̀ ló sọ fún un pé mo wá. Kánò ló wà látìgbà yẹn, ní Sábọ̀n Gàrí, ó ń bá káfíńtà kan ṣiṣẹ́. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló fi owó náà ta. Ó ti jẹ gbèsè tẹ́tẹ́ tẹ́lẹ̀, ó rò pé òun á fi ìdajì ta, òun á jẹ, òun á dá a padà kílẹ̀ tó mọ́. Ó ń sunkún, ó ń pè mí ní Ọ̀gá. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀, inú mi ò ru mọ́, ó yà mí lẹ́nu pé ó kàn ń ṣe mí láàánú ni, mo wá rí i pé ibi kan wà nínú mi tó ti dárí jì í kó tó pè, mi ò sì mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀.

A pàdé ní ọ́fíìsì pásítọ̀, díákónì méjì jókòó. Mo sọ fún un pé mo ti dárí jì í, pé bó san án tàbí kò san án mi ò ní pè é lólè mọ́ láéláé, mi ò ní bá a fa ọlọ́pàá. Ó ní òun á san án, 50,000 lóṣooṣù. Díákónì kan ní tí mo bá ti dárí jì í lóòótọ́ kí ló dé tí mo fẹ́ gba owó. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ìdáríjì wà lọ́wọ́ èmi, dídá owó padà wà lọ́wọ́ ọmọ náà, Sákéù fúnra ẹ̀ ló ní òun á san án ní ìlọ́po mẹ́rin, Jésù ò sọ pé má wulẹ̀ ṣe ìyọnu. Ọmọ yẹn nílò kó rí ọwọ́ ara ẹ̀ tó ń dá nǹkan padà. Mi ò sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó bẹ̀ mí pé kó padà wá, mo ní rárá. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Dei-Dei ni mo mú un lọ, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fọ́rẹ̀ẹ́ mi lójú ẹ̀, kó mọ ẹni tó ń gbà.

Ó ń san án. Oṣù míì 50,000, oṣù míì 20,000, oṣù míì kò sí rárá, á sì pè láti sọ pé kò sí. Gbogbo owó àkọ́kọ́ tó san, ìyàwó mi ni mo kó o fún títí 400,000 ẹ̀ fi pé, torí pé mi ò lè fi owó olówó dárí jini. Òun ò tíì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó ní òun ń bọ̀ níbẹ̀, kí n má ti òun. Mi ò tì í.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń bi mí, bó ṣe rí nìyí. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, gò-sílò bí i ti tẹ́lẹ̀, òjò ti rọ̀, mo dé Kúgbo, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń wá ṣéńjì lọ́wọ́ kọ̀ndọ́, ló wá sọ sí mi lọ́kàn pé láti Mararaba mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Orin ni mò ń kọ lábẹ́ ètè. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kọ̀ndọ́ ń pariwo pé ọ̀gá ẹ gba ṣéńjì yín. Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí ìjà yẹn máa ń padà wá, pàápàá tí mo bá ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Màá dúró, màá ka Àdúrà Olúwa dé ibi gbèsè, màá dá orúkọ ọmọ náà sí i, màá gbá ilẹ̀ mi tán.

Kérésì tó kọjá, dírẹ́bà kan láti páàkì pè mí pé ẹnì kan fi nǹkan rán òun sí mi láti ilé. Báàgì náílọ́ọ̀nù dúdú ni, wọ́n so ó ní ìdè méjì. Kajú yíyan ló kún inú ẹ̀, wọ́n ti bó o, wọ́n ti ṣà á, kò sí èyí tó jóná nínú ẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí iṣẹ́ tí wọ́n fi rán dírẹ́bà. Èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán lálẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò pè é láti dúpẹ́, torí ó ní kí n má pè. Oṣù kẹta tí mo bá lọ sílé, màá yà.